Ìka Mẹ́rin sí Ilẹ̀

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú gáréèjì kan l'Ẹ́fọ̀n-Alààyè,
kì í ṣe pé mò ń kí àgbà;
ikùn ọkọ̀ Bàbá ni mo fẹ́ wọ̀n.
Ìka mẹ́rin ló wà láàárín irin àti ilẹ̀.
Ìka mẹ́rin péré! Alángbá tó bá yó
kò ní lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ọkọ̀ pupa, ìjókòó méjì, kò ní òrùlé,
ó kéré bíi ṣòkòtò tó súnkì.
Nígbà tí Bàbá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò níbẹ̀
ló rà á lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílé.
Ẹ́ńjìnnì ti kú. Èkúté ti bímọ sínú tìmùtìmù.
Síbẹ̀ Bàbá ránṣẹ́ láti Ìkẹ́rẹ́:
"Adétiloyè, lọ gbé e wá sí ulé.
Má fà á nílẹ̀ o. Ìwọ̀sí kò tọ́ sí i."

Mo bá gba ọ̀dọ̀ Fámúrewá lọ, wẹ́dà ọ̀nà Ìyìn,
ẹni tó ń wo ènìyàn bí ẹni pé ó fẹ́ jó o mọ́ géètì.
Tírélà mẹ́ta ló tò sábẹ́ igi máńgòrò.
Èkíní ga fíofío,
ó ti ru iṣu láti Ìkọ̀lé títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀.
Mo ní, "Èyí ńkọ́?"
Ó ní, "Ṣé ọkọ̀ yín mọ àkàbà gùn ni?"

Èkejì fúyẹ́, táyà méjì, owó rẹ̀ kò ga,
mo tilẹ̀ ti ń ka náírà nínú àpò
kó tó bi mí pé òkè wo ni mo fẹ́ gbé e sọ̀.
Mo ní òkè Ẹfọ̀n.
Ó dákẹ́. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.
"Ní Ẹfọ̀n, ẹrù tí kò ní búréèkì tirẹ̀,
òun ló máa ń wa dírẹ́bà."

Ẹ̀kẹta gùn, ó lọ sílẹ̀, táyà mẹ́rin, búréèkì rẹ̀ lọ́tọ̀,
pákó ìgòkè rẹ̀ nà tàntàn bí ẹsẹ̀ ọ̀lẹ lórí ẹní.
"Mú ìka yẹn wá," ó wí,
ó sì fi ìka mẹ́rin mi wọn pákó náà, kò bojú wò mí.
"Jẹ́ kí ẹrù tẹ̀ síwájú díẹ̀, mọ́ ẹni tó ń fà á.
Bó bá tẹ̀ sẹ́yìn, ìdí rẹ̀ á máa jó;
inú kòtò sì ni ijó yẹn ń parí sí.
Táyà ni kí o fi bẹ́líìtì dè, má de ara."
Mo rántí ọ̀já ìyá mi:
ó le, ṣùgbọ́n kò fún mi lọ́rùn rí.

Owó náà dùn mí. N ò ní purọ́.
Owó kòkó ọdún kan àti àbọ̀.

A sọ̀ kalẹ̀ ní jẹ́jẹ́. Àrámọkọ. Ìgèdè.
Ní Ìyìn, àwọn ọmọ iléèwé sáré tẹ̀lé wa:
"Ọkọ̀ pọn ọkọ̀! Ọkọ̀ pọn ọkọ̀!"

Olósùnta ti gbé oòrùn mì kí a tó dé Ìkẹ́rẹ́.
Bàbá jáde pẹ̀lú ọ̀pá, ó fọwọ́ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì lára.
Mo fẹ́ tú bẹ́líìtì.
"Dúró ná."
Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí orúnkún rẹ̀ ti kọ ìlóṣòó,
ọkọ̀ yẹn nílẹ̀, kòtò ni lójú rẹ̀.
Ṣùgbọ́n lórí tírélà, ìjókòó bá ìbàdí rẹ̀ dọ́gba.
Ó yí ìdí sí i, ó fa ẹsẹ̀ kan wọlé,
ó sinmi, ó fa èkejì.
Ó di ọwọ́ ọkọ̀ mú.
"Ó ga tó," ló sọ.

Ó di oṣù mẹ́ta. Fámúrewá pè mí lánàá:
tírélà yẹn ńkọ́, ṣé ó ń ṣiṣẹ́?
Mo yọjú lójú fèrèsé.
Bàbá wà nínú ọkọ̀, ó ń gbọ́ ìròyìn lórí rédíò,
adìẹ kan sì sàba lábẹ́ rẹ̀, àyè gbà á.
Mo ní, ó ń ṣiṣẹ́.