Ìṣẹ́jú Mẹ́rin

Láádà aláwọ̀ sánmà ni mo kọ́kọ́ yà,
ọkọ̀ Esenbek, àbúrò bàbá mi.
Kò ní táyà kankan. Orí bíríkì ló jókòó sí
lẹ́yìn ilé wa ní Naryn,
adìẹ ń yé sórí àga awakọ̀.
Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ni mo tẹ kámẹ́rà,
gbogbo rẹ̀ ń ṣe bàìbàì bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.
Nínú mẹ́rìnlá, ìka mi ló bo igun.

"Kí lo ń wá lára irin tó ti dógùn-ún?"
Ìyá mi ló bi mí, ó ń fún wàrà abo ẹṣin lọ́wọ́.
N ò mọ èsì tí mo lè fọ̀.
Mo sáà mọ̀ pé tí oòrùn bá ń wọ̀,
ìpẹtà ara rẹ̀ a pọ́n bí ẹyin iná,
kì í sì í ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ.
Ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn ni ilé ẹ̀kọ́ mi.

Ní ọdún kejì, mo bá àwọn awakọ̀ akẹ́rù gun òkè Dolon.
Mo há sáàárín àpò ọ̀dùnkún,
mo ti kámẹ́rà bọ ìbọ̀sẹ̀ onírun kí otútù má pa bátìrì.
Otútù ibẹ̀ kì í kanlẹ̀kùn, ṣe ló ń já wọlé bí ọlọ́pàá.
Mo ya òkè, òkè di òkìtì.
Mo ya odò, odò di okùn bàtà.
Mo ya ọkọ̀ tó ń sáré, eruku ni mo bá nínú fọ́tò,
ọkọ̀ ti lọ.

Toktosun, tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe ní Kochkor,
gba kámẹ́rà lọ́wọ́ mi, epo ọwọ́ rẹ̀ ba bọ́tìnnì jẹ́.
Ó wò, ó wò, ó ní:
"Aizirek, o ya ọkọ̀, o ò ya ibi tó ń lọ.
Ọkọ̀ tó wà lójú ọ̀nà
a máa tẹ̀ síwájú díẹ̀, bí ajá tó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀.
Fi àyè sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kó ríbi sá sí."
Ó dá kámẹ́rà padà, ó tún wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ.
Kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Mo kọ́ láti máa yí ìbàdí tẹ̀lé táyà,
kí n di èémí mú,
kí ayé fà gbọọrọ lẹ́yìn,
kí ọkọ̀ nìkan dúró gbọn-in.
Mo kọ́ pé gíláàsì iwájú kì í purọ́:
bí mo bá gbàgbé ara mi, èmi àti fìlà mi ni yóò jókòó níbi awakọ̀.
Mo kọ́ ebi. Ìyẹn kò sí nínú ìwé.

Nígbà tí iléeṣẹ́ kan ní Almaty ránṣẹ́ pè mí
láti ya ọkọ̀ tuntun wọn létí adágún Son-Kol,
wọ́n kó ènìyàn mẹ́ta wá tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa nù ún.
Ọkọ̀ ń dán bí orí ìkókó.
Mo yà á. Owó wọlé. Fọ́tò náà dára,
bí aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì wọ̀ rí ṣe máa ń dára.
Ní ọjọ́ kẹta, yìnyín já lulẹ̀, ẹrẹ̀ bo ọkọ̀ dé fèrèsé.
Ọ̀gá wọn káwọ́ lérí.
Darandaran kan, Jumagul, gun ẹṣin dé,
ó fi ìka kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ sínú ẹrẹ̀ ara ilẹ̀kùn,
ó rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ.
Ọwọ́ mi ti tẹ bọ́tìnnì kí orí mi tó mọ̀.
Wọn kò lò ó. Ara ògiri mi ló wà.

Lánàá mo padà sí Naryn.
Esenbek ti kú. Láádà ṣì wà lórí bíríkì,
adìẹ mìíràn, ẹyin mìíràn.
Mo gbé kámẹ́rà tó gbówó lórí ju ilé wa lọ
sórí ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, oòrùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀.
Ní ìṣẹ́jú kẹta, mo ṣì ń wá ibi tí ọkọ̀ náà ń lọ,
kí n lè fi àyè sílẹ̀.