Òsì Ta Ni?

Lẹ́yìn ọjà Ìsánlú ni bàbá mi ti ń pa màlúù,
lórí sìmẹ́ńtì tí ẹ̀jẹ̀ ogójì ọdún ti sọ di pupa.
Bí ẹran bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀, tó kọ ikùn sí ọ̀run,
bàbá á dúró níbi ìrù, á kọjú sí orí,
á na ọ̀bẹ sí ọwọ́ òsì ara rẹ̀:
"Òsì ni ẹ̀dọ̀ ń gbé. Rọra, òróòro wà níbẹ̀.
Tó bá fọ́, ta ni yóò ra ẹran kíkorò?"
Ọmọ ọdún méje ni mí. Mo gbà á gbọ́.
Mo mọ ṣàkì, mo mọ fùkù, mo mọ iwe,
mo sì mọ iye tí à ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nílé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní Ẹ̀gbẹ̀,
Tíṣà Àsàólú ní kí gbogbo wa dìde ṣánṣán,
ojú síwájú, apá sí ẹ̀gbẹ́, àtẹ́lẹwọ́ síta
bí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn olè kàn
tó ń fi hàn pé òun ò mú nǹkan kan.
"Báyìí lẹ ó máa ro ara," ó wí,
"ì báà sùn, ì báà ṣubú sí kòtò, ì báà wà lórí ọ̀pẹ."
Ó bi mí pé apá ibo ni ẹ̀dọ̀ wà.
Mo ní òsì.
"Òsì ta ni?"
Mi ò gbọ́ ọ rí pé òsì ní olúwa.

Ó ní ìgbọ̀nwọ́ sún mọ́ ìdí apá ju ọrùn-ọwọ́ lọ.
Mo kọ ọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n:
èjìká ni Ìsánlú, ìgbọ̀nwọ́ ni Mọ̀pà,
ọrùn-ọwọ́ ni Kàbà, ìka márààrún ń lọ Lọ́kọ́ja.
Ó ní ikùn tí ènìyàn ń gbé ṣíwájú wọlé àna,
ilẹ̀ ni ti ewúrẹ́ ń wò;
ẹ̀yìn ewúrẹ́, òjò ló kọ́kọ́ ń kàn án.
Nítorí náà "òkè" ò tó, "ìsàlẹ̀" ò tó,
ẹ sọ pé síhà orí, ẹ sọ pé síhà ìrù.
Ènìyàn tí kò ní ìrù ńkọ́?
"Ẹ jókòó lé ibi tó yẹ kó wà," ó wí.

Nígbà ìsinmi, mo gbé ìmọ̀ tuntun dé ìdí sìmẹ́ńtì.
Mo tọ́ka sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ewúrẹ́ Ìyá Jẹ́gẹ́dẹ́:
"Bàbá, kí lẹ pe oríkèé tó yọ sẹ́yìn yìí?"
"Orúnkún. Ṣé o ò rí i ni?"
"Kókósẹ̀ ni. Orúnkún rẹ̀ wà lókè, nítòsí ikùn.
Èékánná ló fi ń rìn; gìgísẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀ rí."
Bàbá pọ́n ọ̀bẹ díẹ̀.
"Ewúrẹ́ Ìyá Jẹ́gẹ́dẹ́ wọ bàtà gogoro,
ìyá fúnra rẹ̀ ò ní."
Ṣùgbọ́n ní ti ẹ̀dọ̀, kò gbà.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, ọ̀kadà gbé e wá bá wa ní Ẹ̀gbẹ̀.
Ẹyinjú rẹ̀ ti di àwọ̀ ọsàn tó pọ́n,
síbẹ̀ ó ń kí gbogbo wọ́ọ̀dù ní "Ọ̀kún o."
Dókítà bi í pé níbo ló ń dùn ún.
"Òsì," ni bàbá mi wí, "níbi ẹ̀dọ̀."
Ọwọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ ìhà ọ̀tún.
Dókítà wo ọwọ́, ó wo ẹnu, ó dá bírò dúró.
"Ẹ kọ ọ̀tún, sà," ni mo wí.
"Láti ìdí ìrù ló ti ń wo ara rẹ̀."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dùn ún.
Nígbà tó yá, ó na apá méjèèjì sórí bẹ́ẹ̀dì,
àtẹ́lẹwọ́ síta. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ.
Mo fi ìka ka egungun ìhà rẹ̀ lọ sísàlẹ̀,
síhà ìrù, ẹ jọ̀ọ́,
mo tẹ ibi tó le.
"Ibẹ̀ yẹn," ó wí. "Rọra.
Òróòro wà níbẹ̀."