Èló Lẹ Fi Jẹun?

Lẹ́tà kan wà lórí tábìlì mi láti ọjọ́ Ajé,
ti Ọ̀gbẹ́ni Garforth, òpópónà Weelsby, ní Grimsby níbí,
ìwé pélébé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò ju ìlà mẹ́ta lọ:
"Èló lẹ fi jẹun lálẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ fún ara yín lẹ́bùn?
Owó ta ni?
Ẹ dáhùn."

Òfin fún mi ní ogúnjọ́ láti fèsì.
Ìdáhùn rẹ̀ ò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ:
àwo méjìléláàádọ́fà,
pọ́n-ùn mọ́kànlélọ́gbọ̀n lórí àwo kọ̀ọ̀kan,
wáìnì lọ́tọ̀, òdòdó orí tábìlì lọ́tọ̀.
Àga kan ṣófo, a sanwó oúnjẹ tirẹ̀ náà.
Èmi ni mo kọ ọ́ sábẹ́ "ìtọ́jú òṣìṣẹ́".
Èmi náà sì jẹ nínú rẹ̀.
N kò ní í purọ́, adìẹ yẹn dùn,
bó tilẹ̀ jẹ́ pé ata ò mọ ọ̀nà ilé ìdáná wọn.

Nílé wa wọ́n máa ń sọ pé
iṣẹ́ ìjọba, a kì í làágùn sí i.
Bàbá mi ló fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà jù,
akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì omi ìjọba ní Ìkìrun,
a máa fi ìwé ìròyìn bojú sùn lọ́sàn-án gangan.
Kò mọ Winifred Oldroyd.

Winifred, ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n
ló fi wa ọkọ̀ oúnjẹ kiri ilé àwọn arúgbó,
nínú yìnyín, nínú atẹ́gùn òkun tó ń gé etí bí abẹ,
tó ń kanlẹ̀kùn, tó ń dúró,
tó ń gbọ́ ìtàn ọkọ̀ apẹja kan náà tó rì
nígbà kẹrìnlélógójì, tí yóò sì tún ní "Háà!",
tó ń yẹ fìríìjì wò bóyá wàrà ti kan.
Lóṣù Ẹrẹ́nà, káńsù dá ọkọ̀ náà dúró.
Owó ò sí, ni wọ́n wí.
Lóṣù Òkudù, wọ́n pè é síwájú gbọ̀ngán
kó wá gba àmì-ẹ̀yẹ lórí ọkọ̀ tí kò sí mọ́.

Yinni yinni, kẹ́ni lè ṣe mí-ìn.
Mí-ìn wo? Wọ́n ti ta ọkọ̀.

Ó gba dígí tí wọ́n fín orúkọ rẹ̀ sí,
lẹ́tà kan sọnù níparí orúkọ ọ̀hún.
A pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá sọ̀rọ̀, ó pẹ́ kó tó jókòó.
Winifred ò fọwọ́ kan adìẹ rẹ̀.
Ó tẹ̀ sí mi létí: "Dérà, bá mi bèèrè fọ́ìlì."
Ọmọ tó ń gbé àwo ní òfin ò gbà á,
nítorí ìlera, kí àwọn má bàa jẹ̀bi.
Winifred wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó gbàgbé ìkíni.
Ó fa bébà ìnuwọ́ yọ, èyí tó nípọn, tiwọn gan-an,
ó di adìẹ, ó di ọ̀dùnkún méjì,
ó tì í sínú báàgì, ó gbé dígí lé e lórí.

Ọkọ̀ mi ni mo fi gbé e, kò sì ní kí n gbé òun lọ sílé.
Òpópónà Rutland, àjà kejì,
aago mẹ́wàá ti kọjá, iná ṣì ń tàn lójú fèrèsé.
Mo rí ọwọ́ tó ṣílẹ̀kùn, ọwọ́ nìkan, tínínrín,
mo sì gbọ́ ohùn tó ní:
"O pẹ́ lónìí."

Ogúnjọ́ ti ku mẹ́ta.
Mo ti ṣírò owó náà, ó pé dórí pénì.
Ọ̀gbẹ́ni Garforth, ẹ ò jẹ̀bi,
owó yín ni. Owó ìyá àjà kejì ni pẹ̀lú.
Ṣùgbọ́n àyè kan ṣoṣo ló wà nínú fọ́ọ̀mù yìí,
nọ́ńbà nìkan ló sì ń gbà,
n kò mọ ibi tí mo máa kọ adìẹ tí a dì náà sí.
Bóyá kí n yọ ọ́ kúrò.
Àwo mọ́kànléláàádọ́fà.