Òkè àti Ọ̀kẹ́

Èmi ni mo ń ṣírò owó fún Tilka Ravnik,
ọdún kejìdínlógún rèé,
ní àfonífojì kan ní Sloféníà
níbi tí okùn irin ti ń gbé ènìyàn ròkè
kí wọ́n lè fi pákó ẹsẹ̀ yọ̀ wálẹ̀ lórí ìrì dídì.
Iṣẹ́ wa nìyẹn. Ẹ má rẹ́rìn-ín.
À ń ta gíga òkè fún ẹni tó fẹ́ sọ̀kalẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ló kọ iye náà sára ògiri ọ́fíìsì
pẹ̀lú ọ̀dà pupa, lọ́dún tí ìrì bo fèrèsé:
ọ̀kẹ́ mẹ́wàá àlejò lọ́dọọdún.
Baba kú, ọ̀dà ò kú.
Gbogbo oṣù kẹsàn-án la máa ń jókòó síwájú rẹ̀
bí ọmọ iléèwé tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.

Jernej tó ń tọ́jú okùn ní ọ̀pá kan lẹ́yìn ilé ẹ̀rọ,
ọ̀bẹ ló fi ń fá àmì síbi tí ìrì bá ga dé.
Àmì àkọ́kọ́ ga jù mí lọ.
Ti ọdún tí mo gbéyàwó dé àyà mi.
Ti èṣí, ajá rẹ̀ jókòó tì í,
ajá ló ga jù.

A yáwó, a ra ẹ̀rọ tí ń tu yìnyín lẹ́nu.
Mẹ́rìnlá ni wọ́n, wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè bí ìbọn,
wọ́n ń bá oòrùn jà lóru, nígbà tí oòrùn ò sí nílé.
Ilẹ̀ mọ́, oòrùn dé, ogun parí.
Mo kọ owó iná sínú ìwé,
mo tún un kọ, bóyá ọwọ́ mi ló ṣì í.

Àwọn amòye wá láti olú-ìlú.
Wọ́n ní àfojúsùn gbọ́dọ̀ ga, kó sì ṣeé wọ̀n.
Wọ́n ya ọfà tó dojú kọ ọ̀run.
Wọ́n jẹ wàràkàṣì wa, wọ́n bèèrè sí i, wọ́n lọ.
Tilka ò sọ̀rọ̀. Àwo tó ṣófo ló ń wò.

Àfojúsùn! Orúkọ ló ń tàn wá:
ojú tó bá wọ̀ kì í sùn.
Mo rí iná ọ́fíìsì rẹ̀ láago méjì òru.
Mo rí i torí èmi náà ò sùn,
lẹ́tà ìwáṣẹ́ ni mò ń kọ,
mo sì fi pamọ́ sábẹ́ ìwé gbèsè.

Ọjọ́ Ẹtì kan, oṣù kejì, òjò ń rọ̀
(òjò lásán, lóṣù kejì!)
ó gbé àkàbà, ó pọn búrọ́ọ̀ṣì lọ́dà funfun,
ó pa iye bàbá rẹ̀ rẹ́.
Ó pẹ́ lórí òdo ìkẹyìn.
Ó kọ ọ̀kẹ́ méjì. Ó sọ̀kalẹ̀, ó wò ó,
ó tún gun àkàbà, ó fi kún un: lẹ́ẹ̀rùn.

Bojan ti báńkì pariwo lórí fóònù:
"Ṣé ọkàn yín ti rẹ̀ ni?"
Ó ní, "Rárá. Ẹ wá ka ọ̀pá Jernej."

Òkè wà lóde, ọ̀kẹ́ wà lára ògiri;
ó pẹ́ tí a ti ń pe ọ̀kan ní èkejì.

A ta ẹ̀rọ méje fún abúlé tó ga jù wá lọ.
Ọdún mélòó ló kù fún wọn? A ò bi wọ́n.
Ìtìjú díẹ̀ wà nínú owó yẹn, mo kọ ọ́ síwèé
láìkọ ìtìjú.

Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀rùn, ìjókòó okùn gbé kẹ̀kẹ́ ròkè,
ó gbé ìyá àgbà pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ èso igbó,
ó sì gbé wàràkàṣì wálẹ̀ látọ̀dọ̀ àwọn darandaran.
Mo ka àlejò lẹ́ẹ̀mẹta.
Wọn ò pé ọ̀kẹ́ kan.
Tilka ní kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Jernej yí ọ̀pá rẹ̀ padà,
ó ń fá gíga koríko sẹ́yìn rẹ̀.
Lẹ́tà mi ṣì wà níbi tí mo fi í sí.
N ò tíì fà á ya.
N ò tíì fi ránṣẹ́.