Ògiri Tó Ń Sanra Sínú

Rochdale, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òjò ń ta sí fèrèsé.
Wọ́n ní kí n fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀.
Shazia fi nǹkan yíyọ̀ kan kùn mí láyà:
"Ẹ má bínú, ó tutù."
Ó tutù lóòótọ́.

Mo wo ojú ẹ̀rọ. Dúdú, funfun,
ó ń ṣí, ó ń pa dé, bí ẹnu ọmọ tó ń wá ọmú.
"Ọkàn yín nìyẹn."
Ó ṣe mí bíi kí n kí i.

Ó fa ìlà, ó wọn ògiri apá òsì:
mìlímítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó dákẹ́.
Èmi tí mo ti to bíríkì fún ọgbọ̀n ọdún nílùú yìí,
mo mọ irú ìdákẹ́ tí ń tẹ̀lé okùn ìwọ̀n.

Ẹ̀jẹ̀ ń ru, ọkàn ń tì í;
iṣan tó bá ń gbẹ́rù lójoojúmọ́ á nípọn.
Bẹ́ẹ̀ náà ni apá mi ṣe yi, tí Mọ́rẹ̀nikẹ́ fi ń yangàn.
Ṣùgbọ́n ògiri tó ń sanra sínú,
yàrá ló ń jẹ.

Ọdún mọ́kànlá ni oògùn fi sùn nínú dúrọ́ọ̀,
torí kò síbi tó ń dùn mí.

Mo ní, ṣé a lè ha á kúrò?
Ó ní bí mo bá ń lo oògùn, ó lè fẹ́lẹ́ díẹ̀.
Díẹ̀.

Ní ibùdókọ̀, mo gbọ́wọ́ lé àyà:
lébìrà kan wà nínú ibẹ̀
tí kò tíì jókòó mu tíì rí.