Olójú Ogún

Alẹ́ Sátidé, iná kú ní Kétu,
láti Ìdénà títí dé ọ̀nà Ìlárá.
Lásísì tan fìtílà, ó tẹ́ igbó sórí tábìlì ìyá rẹ̀,
igbó tó fi bírò aláwọ̀ ewé yà,
odò rẹ̀ ń gba àárín àbàwọ́n epo ọbẹ̀ kọjá.
Ó ju òkúta olójú ogún sáàárín wa:
"Ẹ mú ara tí ẹ fẹ́ wọ̀."

Bónífásì mú ọdẹ. Ọdẹ náà ló máa ń mú.
Èmi mú oníṣòwò iyọ̀ tí kò ní ìgboyà.
Mutiátù, tí ọ̀rọ̀ ń há lọ́fun bí egungun ẹja,
tó jẹ́ pé kó tó kí ọ tán, ilẹ̀ á ti fẹ́ mọ́,
ó kọ ọ́ sínú ìwé pélébé: àgbọ̀nrín.
Obìnrin lọ́jọ́ ọjà.
Ẹranko ní ijọ́ mẹ́ta yòókù.

Ìwé òfin eré náà, tó ti òkè òkun wá, ní
òṣùpá àrànmọ́jú ló ń yí irú wọn padà,
bí wọ́n bá gé ọ jẹ, á ràn ọ́,
ọta fàdákà ló sì ń pa wọ́n.
Ìyá àgbà Lásísì, tí a rò pé ó ti sùn,
rẹ́rìn-ín láti inú òkùnkùn:
"Ta ló gé e jẹ? Ṣé àrùn ni?
Iyọ̀ ló fẹ́ rà, ìròyìn ló fẹ́ gbọ́,
ó bọ́ awọ sí ìdí ògán, ó gbé igbá.
Òṣùpá kọ́ ló ń rán an níṣẹ́."
Lásísì fa ìlà pa ojú ewé mẹ́ta rẹ́.

Nígbà náà ni Mutiátù bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀.
Ó ná iyọ̀ lọ́wọ́ mi títí ojú fi tì mí.
Ó bú ọdẹ, ó bú ìyálé ọdẹ,
ó sọ bí ìrì ṣe ń dùn lẹ́nu
fún ẹni tó fi ẹsẹ̀ mẹ́rin dúró.
Ohùn rẹ̀ ń ṣàn, kò kọsẹ̀ níbì kan.
Bónífásì ju òkúta, ó ń wá awọ ní ìdí ògán:
oókan péré. Paramọ́lẹ̀ ló fọwọ́ kàn.
A rẹ́rìn-ín títí adìẹ fi jí.

Iná dé lójijì. Gbogbo wa ń ṣẹ́jú.
"Ó d... ó d... ó dàárọ̀," ó wọ bàtà, ó lọ.
Ìwé pélébé rẹ̀ kù sórí tábìlì.

Kí n má purọ́: mo ká a, mo fi sápò.
Mo gbé e sí àjà, lẹ́yìn àpò àgbàdo.
Mo ní kó ṣáà wá bèèrè,
kó dúró níwájú mi, kó máa wá ọ̀rọ̀,
kí n máa bá a wá a.

Ó di ọjọ́ ọjà. Mo ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà.
Òjìji kan bo àtẹ.
Eruku pupa dé orúnkún rẹ̀,
bí ẹni tí kò gba ojú títì wá.
Kò kí mi. Kò wo ilẹ̀.
"Awọ mi dà?"
Wọ́n jáde bí omi.
Èmi ni egungun ẹja há lọ́fun.