Páìpù Olórúkọ

Pọ́nbà ni bàbá mi, n'Ísọ́kùn, n'Íléṣà.
Òun ló ri páìpù mọ́lẹ̀ láti Òkè-Ọmírù dé Ẹrẹ́jà.
"Páìpù kì í lórúkọ," ló máa ń wí,
"àdúgbò tó ń gbé omi lọ ló lórúkọ."

Lálẹ́ òní mo sọ ọ̀kan lórúkọ.
Ìlà kan péré, lédè C,
jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì ń gbọn fèrèsé mi jìgìjìgì:

    mkfifo("oju_omi", 0666);

Òdo ló fi dá mi lóhùn. Òdo ni àlàáfíà.
Mo yẹ ilẹ̀ wò: ó wà níbẹ̀ lóòótọ́,
lẹ́tà p kékeré ló ṣáájú rẹ̀,
ìwọ̀n rẹ̀, òdo,
bí ẹ̀rọ omi ìjọba tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa,
tó dúró gangan, tí kò ní ẹ̀kán kan nínú.

Mo ní 666: kí onílé kọ, kí àlejò kọ, kí gbogbo wọn kà.
umask ti yọ tirẹ̀ lójú ọ̀nà,
644 ló dé ọwọ́ mi.
Ẹ̀rín pa mí. Bí owó iṣẹ́ Bàbá ṣe máa ń rí nìyẹn
tó bá ti gba ọ́fíìsì kọjá.

Èyí tí kò lórúkọ ńkọ́?
Ti ẹbí nìyẹn. Bàbá ló ń là á
kó tó bímọ, kí ọmọ lè jogún ẹnu rẹ̀ kan.
Àjèjì ò mọ ibi tó gbà.
Irú rẹ̀ la ní, èmi àti Bàbá:
ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo ti gbé sípánà wá.
Ọjọ́ tó kú, ẹnu méjèèjì pa dé.

Mo ṣí oju_omi láti kọ̀wé sí i.
Kò mì. Kì í ṣe àṣìṣe;
ó ń dúró de ẹni tí yóò ṣí i láti kà.
Iṣẹ́jú mọ́kànlá. Jẹnẹrétọ̀ kú.
Bátìrì ku ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún
kí Ìbídùn, àbúrò mi, tó wọlé sórí ẹ̀rọ yìí láti Ifẹ̀,
kó tó na ọwọ́ sí ẹnu kejì.

Ọ̀rọ̀ wá ń jáde, èyí tó kọ́kọ́ wọlé ló ṣáájú,
bí kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n tò sídìí bọ́ọ̀hóòlù:
Ṣé o ti jẹun.
Mo rí sípánà Bàbá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
Ó ti dípẹtà.

Lẹ́yìn náà ó tún ṣófo. N ò pa á rẹ́.
Mo tún ìlà yẹn pè, bóyá àfọwọ́fà ni, n ò mọ̀.
Ó dá -1 padà:
orúkọ yẹn ti wà nílẹ̀.